Ìtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ó Di Ilẹ̀kùn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Kábà

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ méjìlá ni a ṣe, mẹ́sàn-án nínú wọn ni ó sì bàjẹ́ kí òjò ọdún kan ṣoṣo tó dá. Mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí nítorí pé a rí ìdí tí wọ́n fi bàjẹ́, a sì mọ ohun tí a ṣe tí àwọn tí ó tẹ̀lé wọn kò fi rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ mìíràn wà ní ilẹ̀ Okun àti níbòmíràn tí wọ́n ń gbèrò láti fi fọ́nrán ewéko rọ́pò fọ́nrán gíláàsì. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ní í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ná irú owó tí mo ná kí ó tó mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí.

Iṣẹ́ fáíbà ni mo ń ṣe ní Kábà. Ìdérí táǹkì omi, agbada ìfọwọ́, ìjókòó kẹ̀kẹ́ márúwá àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń ní kí a ṣe fún wọn. Ohun méjì ni iṣẹ́ náà dúró lé lórí: résìn, tí ó jẹ́ omi tí ó ki, tí kátálíìsì yóò mú dì títí yóò fi le bí òkúta, àti fọ́nrán gíláàsì tí a ń tẹ́ sínú rẹ̀ kí ó má baà máa fọ́ bí àwo. Ọjà Ọjọ́ta ní Èkó ni a ti ń ra méjèèjì, owó wọn kò sì dúró sójú kan láti oṣù kan sí èkejì. Ju ti owó lọ, ara àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó ń kó ìrònú bá mi. Ẹni tí ó bá ti fi ayùn rẹ́ fáíbà gíláàsì rí mọ bí eruku rẹ̀ ti ń yún ni láti ọrùn ọwọ́ dé àyà, tí omi ìwẹ̀ kò sì lè mú un kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ tí a fi bo imú nìkan ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ èyí tí à bá fà símú.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jẹrà nínú oko wa. Láti Kábà títí lọ sí apá Ìyàmóyè, àgbagbà ni wọ́n ń gbìn sí etí odò àti sí àyè tí ilẹ̀ bá ti tutù. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kì í so lẹ́ẹ̀mejì. Bí àgbẹ̀ bá ti bẹ́ èso orí rẹ̀, yóò gé e lulẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè ráyè dàgbà. Àwọn àgbà wa ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí, òótọ́ sì ni bí ó bá jẹ́ ti gígé. Ṣùgbọ́n bí a bá bó èèpo rẹ̀ ní ìpele-ìpele, tí a tẹ́ ẹ sórí pákó, tí a sì fi ẹ̀yìn àdá fá omi àti ẹran ara rẹ̀ kúrò, fọ́nrán gígùn, funfun, tí ó ń dán ni yóò kù sílẹ̀, ọwọ́ lásán kò sì ní lè já ìdìpọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó wúwo jù nínú ìtí náà, omi ni. Nínú ìtí tí ọkùnrin méjì ru wálé, ìkúnwọ́ fọ́nrán díẹ̀ ni ènìyàn yóò rí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó wà nínú fọ́nrán ewéko tí a fi gbà pé ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Sẹ́lúlóòsì ni orúkọ ohun tí agbára rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, tí a tò jọ sínú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a bá lọ́ okùn. Níbi tí ìlọ́ náà bá ti dẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ, bí ó ti rí nínú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, fọ́nrán yóò le, kò sì ní nà púpọ̀; níbi tí ìlọ́ bá ti pọ̀, bí ó ti rí nínú èèpo àgbọn, fọ́nrán yóò máa nà kí ó tó já. Lígínì, pẹ́kítìnì àti àwọn ohun mìíràn tí ń lẹ̀ bí àtè ni ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Fọ́nrán ewéko tún fúyẹ́: gíláàsì tí ó bá kún ìwọ̀n lítà kan yóò tó kílò 2.5, bẹ́ẹ̀ ni fọ́nrán ewéko kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju kílò 1.5 lọ. Láti yọ́ gíláàsì kí a tó fà á di fọ́nrán, iná ààrò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 1,300°C lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, oòrùn àti òjò ni ó fi ń hun fọ́nrán tirẹ̀. Bí a bá ní kí a fa méjèèjì títí wọn yóò fi já, gíláàsì ni yóò borí, n kò sì ní purọ́ èyí fún oníbàárà kankan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kò nílò gbogbo agbára tí gíláàsì ní.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rò ó. Ọkọ̀ Trabant, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ìlà Oòrùn Jámánì ní ọdún 1957, tí wọn kò sì dẹ́kun rẹ̀ títí di 1991, àjákù òwú àti résìn ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ṣe. Nílé níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T tí ó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ni a fi ìwádìí lórí kẹ́náàfù, tí òun náà jẹ́ ewéko olókùn, lé lọ́wọ́.

Onílé kan tí ó ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fún wa ní iṣẹ́ ilẹ̀kùn méjìlá náà ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Pákó ni ó ti ń lò tẹ́lẹ̀, ikán àti omi sì ti jẹ ìdí gbogbo rẹ̀. Ti irin tí ó gbìyànjú ti dípẹtà láàárín ọdún méjì. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé ikán kò lè dé inú fọ́nrán tí résìn bá ti bò mọ́lẹ̀, ó gbà, ó sì san ìdajì owó sílẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ṣe ti àkọ́kọ́. A rẹ ìtí sínú odò kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ara rẹ̀ lè rọ̀, nítorí pé ìjẹrà díẹ̀ máa ń tú pẹ́kítìnì tí ó so fọ́nrán pọ̀, ìyẹn sì máa ń mú kí fífá rọrùn. A fá a, a ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, a sá a fún ọjọ́ méjì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ojú ọ̀run sì ń ṣú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó dà bí ẹni pé ó gbẹ. A wá da résìn sínú mọ́ọ̀dù, a tẹ́ fọ́nrán náà sínú rẹ̀ ní ìṣù-ìṣù bí ó ti wá sí ọwọ́, a tún da résìn lé e, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó dì tán, ayùn ni a fi gé etí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kí ó lè bá ẹnu ọ̀nà mu. Ilẹ̀kùn náà dára lójú. Ọmọ iṣẹ́ kan tilẹ̀ gun orí ọ̀kan tí a fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ró, kò sì ṣẹ́. A gbé wọn lọ, a fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà, onílé san ìyókù owó, a sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó pè mí. Ohun tí mo bá lọ́hùn-ún kò kúrò lójú mi di òní. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi ìwẹ̀ ti ń ta sí i, ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn kò fi lè padé mọ́. Ojú rẹ̀ lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná dà sí, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú ìléròrò náà, omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan sun jáde, ó ń rùn bí omi ìtí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ní etí tí ayùn ti gé, fọ́nrán ti yọrí síta ní ẹyọ-ẹyọ, funfun sì ti bu orí wọn. Mo fi ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀, ó sì là sí méjì bí èèpo àlùbọ́sà. Mẹ́sàn-án ni ó rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta tí kò bàjẹ́ wà ní balùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò púpọ̀, n kò sì lè fi wọ́n yangàn. Mo bẹ onílé náà, mo sì ṣèlérí pé n óò ṣe mẹ́sàn-án mìíràn láìgba kọ́bọ̀.

Résìn ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi. A rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ṣùgbọ́n ìdérí táǹkì tí a fi résìn inú àgbá kan náà àti gíláàsì ṣe wà lórí ilé láìní àbààwọ́n kankan. Lẹ́yìn èyí ni a tún rò pé fọ́nrán ni kò pọ̀ tó. A ṣe pátákó kékeré kan tí fọ́nrán inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá, ó sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé résìn kò rí àyè wọ àárín fọ́nrán, ihò afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni: ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò lágbára yóò rò pé kí òun fi fọ́nrán kún un ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibẹ̀ ni àrùn wà.

Ibi tí àrùn wà hàn nígbà tí a ṣẹ́ ọ̀kan. A gé pátákó náà ní ọ̀já-ọ̀já tí kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, a gbé ọ̀já kọ̀ọ̀kan lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, a so bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ àárín rẹ̀, a sì ń da iyanrìn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ṣẹ́. Mo mú ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ wá síbi ìmọ́lẹ̀. Fọ́nrán inú rẹ̀ kò já. Ńṣe ni wọ́n fà yọ láti inú résìn, wọ́n gùn tó ìka kan, wọ́n mọ́ tónítóní bí ìgbà tí a bá fa ọwọ̀ kan yọ láti inú ìdì ìgbálẹ̀, résìn kò sì lẹ̀ mọ́ ara wọn rárá. Ní apá kejì, ihò róbótó-róbótó ni ó kù níbi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ti jáde. Ìyẹn ni pé agbára fọ́nrán náà wà níbẹ̀ láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n a kò lò ó, nítorí pé résìn kò dì í mú. Inú ihò wọ̀nyẹn kan náà ni omi sì ń gbà wọlé bí ẹni gba ojú ọ̀nà.

Ìyá ìyàwó mi, tí ó ń se ọṣẹ dúdú ní Ìyàrá, ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣí wa lójú. Ó wá kí ọmọ rẹ̀ nílé wa, mo sì ti ìdọ̀bálẹ̀ dìde tán nígbà tí ó rí ìdìpọ̀ fọ́nrán lórí okùn. Ó mú díẹ̀, ó fi àárín ìka méjì rà á lọ síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, ẹ ò tíì fọ eléyìí. Ó ṣì ń yọ̀. Bí àwa bá ń ṣe kànrìnkàn, a ó lù ú, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún lù ú, títí ìyọ̀ yẹn yóò fi tán lára rẹ̀.” Mo ní, “Ìyá, omi la fi fọ̀ ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Omi ò ṣí ìyọ̀. Omi eérú ni.”

Òótọ́ ni ó sọ, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó dà bí ìda àti pẹ́kítìnì àti apá kan lígínì ni ó wà lára fọ́nrán tí ó fi ń yọ̀. Résìn kì í lẹ̀ mọ́ ìda. Yàtọ̀ sí èyí, ara fọ́nrán ewéko fẹ́ràn omi, résìn ní tirẹ̀ kórìíra rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn rẹ́ láìjẹ́ pé a bá wọn ṣe é. Omi tí ó bá ní agbára eérú tàbí kọ́sítíìkì sódà máa ń bó ohun tí ń yọ̀ náà kúrò, ó máa ń pín ìdìpọ̀ fọ́nrán sí wẹ́wẹ́, ó sì máa ń sọ ojú rẹ̀ di háríhárí, kí résìn lè rí ibi dì mú. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn tí ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe fọ́nrán ewéko máa ń fi kọ́sítíìkì ṣe, ìwọ̀n tí wọ́n sì máa ń lò jù ni nǹkan bí gíráàmù 50 nínú lítà omi kan.

A dán méjèèjì wò. Kọ́sítíìkì yá kánkán. A fi rẹ fọ́nrán fún wákàtí mẹ́rin nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke, omi rẹ̀ di pupa bí àgbo, fọ́nrán sì jáde ní wẹ́wẹ́, ó rọ̀, kò yọ̀ mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan rò pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ yóò dára jù, ó sì da ìlọ́po mẹ́ta sí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tún jẹ́ kí ó sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Fọ́nrán yẹn ń já bí òwú tí kòkòrò ti jẹ, nítorí pé kọ́sítíìkì tí ó bá ti jẹ ohun tí ń lẹ̀ tán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sẹ́lúlóòsì fúnra rẹ̀. Ẹni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì dáàbò bo ojú rẹ̀. Kọ́sítíìkì ni kí ó máa bù sínú omi díẹ̀díẹ̀, kí ó má da omi lé kọ́sítíìkì lórí, nítorí pé yóò hó, yóò sì ta síni lára. Kò gbọdọ̀ lo ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí pé kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tí ń gbiná yóò sì jáde.

Omi eérú tí Ìyá fún wa, èyí tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú ihá ọ̀pẹ, ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà, a sì ní láti máa gbé e kaná. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀kan kì í bá èkejì dọ́gba: omi eérú ọ̀sẹ̀ yìí lè le, ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí ó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí eérú náà bá ti rí. Fún ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án tí a jẹ ní gbèsè, kọ́sítíìkì ni a lò, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ti eérú, n óò sì padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn rírẹ, a fọ̀ ọ́ nínú omi mẹ́ta, a fi fíníkà díẹ̀ sí omi kẹrin. Olùkọ́ kẹ́mísírì kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa fún wa ní bébà lítímọ́ọ̀sì pupa, bí bébà náà bá sì ṣì ń yí sí búlúù, kọ́sítíìkì ṣì kù lára fọ́nrán nìyẹn, a ó tún un fọ̀. Gbígbẹ ni ó kàn, mo sì gbà báyìí pé gbígbẹ tí kò jinná ni ó ba ìdajì ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ jẹ́. Fọ́nrán ewéko tí a bá fọwọ́ kàn tí ó dà bí ẹni pé ó gbẹ ṣì máa ń ní omi nínú, nítorí pé ó ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ní àkókò òjò ní pàtàkì. Omi yẹn kì í jẹ́ kí résìn dì dáadáa, ó sì ń fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. A lọ bá ẹni tí ó ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò, ó gbà fún wa láti máa kó fọ́nrán sínú ààrò rẹ̀ lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí ó bá ti kó búrẹ́dì jáde tí ooru ibẹ̀ sì ti rọlẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbóná jù, nítorí pé bí ooru bá ti ń sún mọ́ 200°C, fọ́nrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, yóò sì máa pọ́n. Òṣùwọ̀n ni a wá gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ọwọ́: a ó wọn ìdìpọ̀ kan, a ó dá a padà sínú ààrò, a ó tún un wọ̀n, nígbà tí kò bá sì dínkù mọ́ ni a ó gbà pé ó gbẹ. Láti inú ààrò, inú ọ̀rá ni a ń dì í sí títí a ó fi lò ó.

A tún yí ọ̀nà tí a fi ń tẹ́ ẹ padà. Bí ahunṣọ kan ní Bùnú tàbí ní Ògìdì bá ń ta òwú, kò ní gbà kí ẹyọ kan dẹ̀ kí èkejì le, nítorí pé èyí tí ó bá le ni yóò kọ́kọ́ já. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ fọ́nrán nínú résìn rí. Èyí tí ó ká kò lè gbé ẹrù títí a ó fi nà án, kí ó tó nà, résìn ti là. A fi òòyà ya fọ́nrán náà gbọọrọ, a tẹ́ ìpele kan sí gígùn ilẹ̀kùn, a tẹ́ èkejì sí ìbú rẹ̀, a sì fi rólà yí i títí kò fi sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Etí tí ayùn bá gé, a kò fi sílẹ̀ ní ìhòòhò mọ́. Résìn ni a fi ń kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

A fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀n wọ́n. Ọ̀já ti àkọ́kọ́ ṣẹ́ kí iyanrìn tó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ti tuntun gba bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún, a sì ní láti gbé òkúta lé e kí ó tó ṣẹ́. Ti gíláàsì gba bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni ojú ibi tí ti tuntun ti ṣẹ́: fọ́nrán ibẹ̀ já ní ìtòsí ojú résìn, kùkùté wọn kò gùn ju irùngbọ̀n ọjọ́ méjì lọ, èérún résìn sì lẹ̀ mọ́ wọn. A tún gé ọ̀já méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn gíráàmù 200, ti àtijọ́ kan àti ti tuntun kan tí a kun etí rẹ̀, a rì wọ́n sínú omi láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ti àtijọ́ di 226. Ti tuntun di 207.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí à ń pè ní aláìbàyíkájẹ́, nítorí pé àwa náà kọ́kọ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́. Nígbà tí a rẹ ìtí sínú odò, àwọn obìnrin tí ń pọnmi nísàlẹ̀ wá bá wa pẹ̀lú ìbínú. Omi ti dúdú, ó ń rùn, ẹja wẹ́wẹ́ sì léfòó lórí rẹ̀, nítorí pé ìjẹrà ìtí ń gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Wọ́n jàre wa. A tọrọ àforíjì, a kò sì rẹ nǹkan kan sínú odò mọ́. Ìtí tútù ni a ń fá báyìí ní ọjọ́ tí wọ́n bá gé e. Ó ṣòro díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò nílò odò. Pàǹtí tí a fá kúrò, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti wá ni à ń dá a padà sí, nítorí pé ìtí tí ń jẹrà lóko ni ó ń bọ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò fi dàgbà. Ẹni tí ó bá ń kó gbogbo rẹ̀ lọ ń jí oúnjẹ ilẹ̀ ni.

Omi kọ́sítíìkì ni ó wá ku. A ń fi fíníkà pa á, a sì ń dà á sínú kòtò tí ó jìnnà sí kànga, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá pọ̀, yóò dì í, omi òjò kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Ibí yìí ni eérú ti sàn jù, nítorí pé pọtásíọ̀mù ni ó wà nínú omi eérú, oúnjẹ irúgbìn sì ni. Olùkọ́ kẹ́mísírì náà sọ fún wa pé bí a bá po láìmù tí a fi ń kun ògiri mọ́ omi eérú tí ó gbóná, ẹfun yóò rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi tí ó kù lókè yóò sì lágbára bí kọ́sítíìkì láìní sódíọ̀mù nínú. A ti dán an wò nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, fọ́nrán tí ó jáde sì dára. Bí a ó ṣe mú kí agbára rẹ̀ dọ́gba láti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì ni a ń ṣe lọ́wọ́.

Résìn náà wà níbẹ̀. Inú epo rọ̀bì ni ó ti wá, bí ó bá sì ti dì, a kò lè yọ́ ọ mọ́. Wàhálà kan náà ni ara Trabant dá sílẹ̀: kò dípẹtà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ náà gbó, kò sí ọ̀nà ìrọ̀rùn láti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nítorí náà n kò lè sọ pé ilẹ̀kùn wa mọ́ pátápátá. Ibi tí mo ń wò ni kajú. Ìpínlẹ̀ Kogi wà lára àwọn ibi tí kajú ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà, epo tí ó wà nínú èèpo kóró rẹ̀, èyí tí ń bó àwọn ọmọdé lẹ́nu bí wọ́n bá fi eyín fọ́ ọ tútù, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe résìn ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́ kóró náà. Tiwa, odidi kóró ni à ń tà sókè òkun pẹ̀lú èèpo àti epo inú rẹ̀.

A ti gbé ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án náà sí ipò wọn kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò ní oṣooṣù. Wọn kò wú, wọn kò lé ròrò, wọ́n sì ń padé. Ní àbẹ̀wò kẹrin, mo rí àmì dúdú róbótó yí ihò ìṣó kan ká níbi tí a ti kan hínjì mọ́ ọ̀kan nínú wọn. A ti kun gbogbo etí, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé pé ihò tí a lù lẹ́yìn kíkùn jẹ́ etí tuntun. Mo tú hínjì náà, mo jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo kán résìn sínú ihò náà kí n tó dá ìṣó padà, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ihò mẹ́tàléláàádọ́ta tí ó kù lára ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn.